Ẹ̀rọ Tó Ń Ránṣẹ́ sí Bùsáyọ̀

Nígbà tí wọ́n fi tó Ṣèyífúnmi létí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, orí àkàbà ló wà ní kọ́ńpìnì oníke tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ó ń fa wáyà kọ̀ǹpútà gba inú àjà lọ sí ọ́fíìsì àwọn akáǹtì. Jọmílójú, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló pè é láti Kánádà. Obìnrin náà kò lọ́ ọ̀rọ̀ rárá. Ó ní Bùsáyọ̀ sùn lálẹ́ àná, kò jí. Ṣèyí ní òun ti gbọ́. Ó ti fóònù bọ àpò, ó fa wáyà náà dé ibi tó ń lọ, ó so ó, ó dán an wò, iná kékeré aláwọ̀ ewé sì tàn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ọ̀gá àwọn akáǹtì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó ká àkàbà rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé ọkàn obìnrin yìí le. Irọ́ ni. Ọkàn rẹ̀ kò le, ńṣe ló kú tipiri, bí ẹnu tí dókítà eyín fún ní abẹ́rẹ́. Èèyàn á fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò ní mọ̀. Ṣèyí ń retí kí agbára abẹ́rẹ́ náà lọ, kó lè dùn ún bó ṣe yẹ kó dùn ún. Kò lọ.

Kó tó délé lọ́jọ́ náà, Àǹtí Tinúadé, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ti gba ìjọba. Aṣọ fèrèsé ni Àǹtí ń tà ní Ọpẹ́bí, obìnrin tó ń fi ojú wọn ilẹ̀kùn ilé onílé kó tó kí onílé ni. Ó ti pe Jọmílójú, ó ti pe Wòlíì ìjọ wọn, ó ti pe àwọn àgbà ilé ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, ó sì ti là á sílẹ̀ fún gbogbo wọn pé bàbá ọmọ kò gbọdọ̀ gbọ́. Bàbá ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti ṣáájú. Ṣé a ó wá gbé òkú àkọ́bí rẹ̀ kò ó lójú lójijì ni? Àǹtí ní kí wọ́n mú sùúrù. Tó bá yá, wọ́n á wá ẹnu tí wọ́n máa fi sọ ọ́.

Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn, nítorí bí àwa ṣe ń ṣe é náà nìyẹn. A kì í jẹ́ kí òbí sin ọmọ. Bó bá ṣẹlẹ̀, a kì í mú òbí náà lọ síbi sàréè, a kì í tilẹ̀ sọ fún un ibi tí sàréè wà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìjọ ti mọ̀, àwọn ará àdúgbò ti mọ̀, ẹni tó ni ọmọ nìkan ni kò mọ̀. Ọmọ tó ṣẹ́ kù, tó ń bá a gbé ilé kan náà, ní láti máa gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ pẹ̀lú ojú tó gbẹ. Bí Ṣèyí bá sunkún, Bàbá á bi í pé kí ló ṣe é. Nítorí náà kò sunkún. Nígbà tó ṣe, ó rí i pé bí òun tilẹ̀ fẹ́, ẹkún náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Bàbá yìí, Moses ni wọ́n sọ ọ́ nígbà ìrìbọmi, ṣùgbọ́n gbogbo Dọ̀pẹ̀mú, àdúgbò wọn ní Agége, láti orí ẹni tó ń ta epo jẹnẹrétọ̀ dé orí Wòlíì, Bàbá Bùsáyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ló ti Ìkọ̀lé wá sí Èkó, ó sì bá kọ́ńpìnì aláṣọ kan ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà. Iná àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ ló ń bójú tó, títí ọjọ́ tí wọ́n ti géètì ibẹ̀ pa, tí wọ́n sọ ọ́ di ilé ìkẹ́rùsí. Kó tó di ìgbà yẹn, òyìnbó ẹnjiníà kan tó ń padà sílé ta kọ̀ǹpútà kan fún un. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á rí i, wọn á ní kí lèyí. Gbogbo ara rẹ̀ kò ju kíbọ́ọ̀dù lọ. Ara tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń so ó mọ́, orí kásẹ́ẹ̀tì ló sì ti ń ka iṣẹ́ rẹ̀, tí á máa ké gìrìrì títí ọ̀rọ̀ á fi yọ lójú tẹlifíṣọ̀n.

Orí ẹ̀rọ yìí ni Bùsáyọ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́, nígbà tó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ṣèyí máa ń jókòó sí, tí á máa dúró de ìgbà tó máa kan òun. Ìgbà tó ń kàn án náà ni ìgbà tí ebi bá pa Bùsáyọ̀, ebi kì í sì í tètè pa á tó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ. Síbẹ̀, nǹkan tí àwọn méjèèjì dà láyé, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Bùsáyọ̀ lọ ń kọ sọ́fítíwià fún àwọn ará Kánádà. Ṣèyí lọ́kọ, ọ̀rọ̀ ọkọ di ìtàn, ó padà sílé bàbá rẹ̀, ó sì ń so kọ̀ǹpútà mọ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn kọ́ńpìnì Ìkẹjà. Ẹ̀rọ àtijọ́ náà wà nínú yàrá ìgbàlejò bó ṣe wà, lábẹ́ aṣọ funfun. Gbogbo nǹkan tó kú nínú rẹ̀ ni Bàbá ti fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀.

Irọ́ tí wọ́n pa fún Bàbá ló gbé iṣẹ́ wá. Bùsáyọ̀ kì í fi ọjọ́ Ìsinmi ṣeré. Kí Bàbá tó bọ́ sùtánà tí ó wọ̀ lọ sí ìsìn, fóònù á ti dún. Nígbà tí fóònù kò dún mọ́, Àǹtí Tinúadé wá láti Ọpẹ́bí, ó jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní Bùsáyọ̀ ti rí iṣẹ́ ńlá kan ní ìhà àríwá Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù nínú yìnyín, fóònù kò sì dé ibẹ̀ rárá. Bàbá gbọ́ ọ dópin. Ó ronú díẹ̀. Ó wá béèrè bóyá íńtánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Ẹnu Àǹtí máa ń yá ju orí rẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Ó ní hẹn, íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ló tilẹ̀ wà níbẹ̀. Kó tó pa ẹnu dé ló ti kábàámọ̀.

Bàbá yíjú sí Ṣèyí. Ó ní ṣé ó rántí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń sọ lórí fóònù, pé àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń mú irú ẹ̀rọ àwọn yìí wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, àti pé bí Ṣèyí bá yéé ṣe ọ̀lẹ, òun náà lè kọ sọ́fítíwià rẹ̀. Ṣèyí ní òun rántí.

"Kọ ọ́," Bàbá ní. "Orí ẹ̀rọ tó fi kẹ́kọ̀ọ́ ni n óò ti máa kọ̀wé sí i."

Ṣèyí ní ṣebí fóònù tòun náà lè fi lẹ́tà ránṣẹ́, kí Bàbá máa sọ ọ́, kí òun máa tẹ̀ ẹ́. Bàbá kọ̀. Ó ní lẹ́tà inú fóònù kéré jù fún ojú òun, ti tẹlifíṣọ̀n ń hàn gbangba, àti pé àgbàlagbà kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ gbogbo ohun tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ. Àǹtí Tinúadé fa Ṣèyí sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, inú rẹ̀ sì ti ń dùn díẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló dára. Ẹ̀rọ arúgbó yẹn kò lè gbé ojú, kò lè gbé ohùn, ọ̀rọ̀ lásán ló lè gbé. Ọ̀rọ̀ lásán kò ṣòro.

Báyìí ni Ṣèyí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ra bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ kékeré kan ní Ọ̀tígbà, ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, nǹkan tí kò tóbi ju bisikíìtì lọ, tó mọ bí a ṣe ń wọ wáì-fáì. Bọ́ọ̀dù náà á bá íńtánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé ẹ̀rọ Bàbá kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà láyé. Wọ́n ti ṣe é tán kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa íńtánẹ́ẹ̀tì ní Agége. Ẹni tó máa kọ́ ọ ní láti bá a sọ èdè tirẹ̀, nọ́ńbà lórí nọ́ńbà, ó sì ní láti ṣún ọ̀rọ̀ sọ, nítorí gbogbo àyè inú ẹ̀rọ náà kò gba fọ́tò kan ṣoṣo látinú fóònù. Ọ̀nà méjì ni sọ́fítíwià náà pín sí. Apá kan á gba ohun tí Bàbá bá tẹ̀, á gé e sí wẹ́wẹ́, á sì rán an lọ sínú ímeèlì Bùsáyọ̀. Apá kejì á máa gba èsì, á tò ó jọ, á sì máa kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n.

Ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ àti ọjọ́ Sátidé ló ń ṣe é. Ohun tó ń tì í lójú, tí kò lè sọ fún ẹnì kan, ni pé iṣẹ́ náà ń lọ geerege. Orí rẹ̀ kò tíì mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́ nínú ọkàn rẹ̀, nítorí kò sí ohun kan nínú ọkàn náà. Bàbá á ra búrẹ́dì gbígbóná bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì ní Agége, wọn á jọ jẹ ẹ́ sídìí ẹ̀rọ, Ṣèyí á máa jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ bébà. Lọ́jọ́ kan, sọ́fítíwià náà ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Bàbá rí orúkọ ara rẹ̀ tó dojú dé lórí tẹlifíṣọ̀n, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ṣèyí rẹ́rìn-ín tẹ̀lé e. Ó mọ ibi tó yẹ kí èèyàn ti rẹ́rìn-ín.

Apá tó ń ránṣẹ́ parí. Apá tó ń gba èsì náà parí. Ṣèyí dán an wò nígbà tí Bàbá lọ sí ìsìn àárín ọ̀sẹ̀, ó ṣiṣẹ́ láìsí àbùkù. Nígbà tí Bàbá dé, ó ní kò tíì ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní bọ́ọ̀dù náà ń gbóná jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní iná tí kò dúró ló ń da iṣẹ́ òun rú, ẹ̀sùn tí kò sẹ́ni tó lè já ní koro ní Èkó. Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó mọ́ wá di ẹni tó ń fa iṣẹ́ ara rẹ̀ sẹ́yìn. Bàbá kò bá a wí. Á ní kó rọra máa ṣe é. Á tẹ́ aṣọ funfun bo ẹ̀rọ, á lọ dùbúlẹ̀.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ju ẹyọ kan lọ. Bí Bàbá bá kọ̀wé, ẹnì kan ní láti dá a lóhùn, Àǹtí Tinúadé sì ti mú ẹni náà.

Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí ní Ọpẹ́bí ni wọ́n ti sọ ọ́. Àǹtí ń wọn aṣọ fèrèsé fún báńkì kan, kò sì dáwọ́ dúró. Ó ní Ṣèyí ló mọ bí Bùsáyọ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kéékèèké ló máa máa kọ, kí ọkàn Bàbá lè balẹ̀ títí wọ́n á fi rí ẹnu tí wọ́n á fi là á fún un.

"Àǹtí," Ṣèyí ní, "tí mo bá fi orúkọ Bọ̀dá mi kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan, ìgbà wo ni mo máa dáwọ́ dúró?"

Àǹtí wọn aṣọ náà dópin. Ó ṣẹ́ ẹ po. "Ṣé o fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé bàbá ẹ lọ ni?"

Ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn. Ṣèyí ní òun á ṣe é. Nígbà tó ń padà bọ̀ sí Dọ̀pẹ̀mú, ó rò ó pé láti ọjọ́ tí òun bá ti bẹ̀rẹ̀, òun kò ní lè dárò ẹ̀gbọ́n òun mọ́ títí Bàbá yóò fi kú. Ta ló ń dárò ẹni tó ń bá kọ̀wé? Ó tún rò ó pé ó yẹ kí èrò yìí ba òun nínú jẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ó ra àlùbọ́sà, ó wọlé.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n kọ́kọ́ rán lẹ́tà. Bàbá ti wẹ̀, ó ti wọ bùbá tó mọ́, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Ó fi ìka méjì tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà ńláńlá ń tò lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó kí Bùsáyọ̀. Ó ní ẹ̀rọ wọn ti ń sọ̀rọ̀ o, Ṣèyí ló ṣe é. Ó bi í léèrè òtútù ibẹ̀, ó bi í bóyá ó ń jẹun, ó ní kó má jẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ pa á. Ó wá wo Ṣèyí lójú, ó tẹ bọ́tìnì tó máa rán an.

Ṣèyí ní òun fẹ́ lọ wo omi nínú tánkì. Ẹ̀yìnkùlé ló lọ, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ tánkì, ó sì ṣí ímeèlì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Jọmílójú ti fún un ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣí i. Àwọn ìpolówó ọjà ló kún ibẹ̀, àti ìkíni láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹni tí kò tíì gbọ́. Ti Bàbá ló wà lókè pátápátá. Ṣèyí kọ èsì. Ó ní òtútù wà, ṣùgbọ́n aṣọ pọ̀. Ó ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ó ní kí Bàbá máa lo oògùn rẹ̀ déédéé, kó sì máa gbàdúrà fún òun. Kò ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó rán an lọ, ó ṣí orí tánkì, ó wo omi bó ṣe ní òun fẹ́ wò ó, ó padà wọlé.

Ọ̀rọ̀ èsì náà ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú tẹlifíṣọ̀n nígbà tó dé. Bàbá gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń kà á. Nígbà tó kà á tán, ó tún padà sókè, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ṣèyí dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí inú bàbá rẹ̀ dùn, kí ó lè ní ohun tó máa ròyìn fún Àǹtí.

"O ṣeun," Bàbá ní. Ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó bo ẹ̀rọ, ó wọ yàrá lọ. Ọ̀sán gangan ni, Bàbá kì í sì í sùn lọ́sàn-án. Ṣèyí pe Àǹtí Tinúadé pé ó ti lọ, ó sì ti bọ̀. Àǹtí dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí fóònù títí owó fóònù Ṣèyí fi tán.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Bàbá kò súnmọ́ ẹ̀rọ náà. Ó ń lọ sí ìsìn, ó ń bọ̀, ó ń lo oògùn. Nígbà tí Sátidé tún dé, ó pe Ṣèyí. Ó ti ká aṣọ funfun kúrò lórí ẹ̀rọ, ó ti ṣí i, ó sì fa àga kejì sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

"Ṣèyí, sọ́fítíwià tó o kọ yìí dára," ó ní. "Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Ṣùgbọ́n apá tó ń gba èsì yẹn, yọ ọ́ kúrò. Èyí tó ń ránṣẹ́ nìkan ni mo fẹ́."

Ṣèyí kọ́kọ́ rò pé àbùkù kan ni Bàbá rí. Ó béèrè bóyá lẹ́tà kan kò hàn dáadáa. Bàbá ní gbogbo rẹ̀ ló hàn.

"Bàbá, tí mo bá yọ ọ́, tí Bọ̀dá mi bá kọ̀wé, ẹ ò ní rí i."

"Kò ní kọ̀wé."

Ṣèyí jókòó sórí àga kejì náà. Ó ti múra sílẹ̀ fún oríṣiríṣi ìbéèrè láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ó ti ní irọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbẹ̀yìn ni pé ta ló sọ fún Bàbá.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Wọ́n gbìyànjú, mo kí wọn." Bàbá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Bùsáyọ̀. Ìyá tó ń ta àbẹ́là níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ pè mí ní Bàbá Ṣèyí. Mo rò pé ó ṣì í pè ni. Nígbà tó yá, fúkanáísà tó ń lẹ táyà ládùúgbò pè mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Wòlíì fúnra rẹ̀ pè mí bẹ́ẹ̀ níwájú ìjọ, mo wolẹ̀, mo fi orí kanlẹ̀, wọ́n rò pé àdúrà ni mò ń gbà."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn wa ṣe rí. Fún wọn ní àṣírí kan kí wọ́n pa á mọ́, wọn á pa á mọ́ délẹ̀ ikùn. Wọn á pàdé bàbá olókùú lójú ọ̀nà, wọn á bá a sọ̀rọ̀ epo tó wọ́n, wọn á bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ẹnu ara wọn pe orúkọ ọmọ tó ti kú lé bàbá rẹ̀ lórí, ìyẹn ni wọn kò lè ṣe. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ ọ́. Oníkálukú dá yan orúkọ ọmọ tó ṣẹ́ kù. Àǹtí Tinúadé ti ronú nípa fóònù, ó ti ronú nípa Kánádà, ìyẹn nìkan ni kò ronú kàn. Ṣèyí alára ti gbọ́ Bàbá Ṣèyí yìí lẹ́nu wọn láìmọye ìgbà. Ó wọ etí rẹ̀, kò dé ibì kankan.

Ó bi Bàbá pé kí ló dé tí Bàbá kò fi sọ pé òun mọ̀.

"Tí mo bá sọ, wọ́n á wá kí mi," Bàbá ní. "Wọ́n á jókòó tì mí láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n á ní kí n gba kámú. Mi ò tíì fẹ́ gba kámú. Mi ò sì gbọdọ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, àṣà wa ni, mi ò bá àṣà jà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ibì kan wà tí n óò máa kọ̀wé sí." Ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. "Èyí tó o kọ lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ pé ìwọ ni, mo sì mọ̀ pé wọ́n ní kó o kọ ọ́ ni. Má kọ ọ́ mọ́. Ọmọ kan ló kú mọ́ mi lọ́wọ́. Èkejì kò gbọdọ̀ sọ ara rẹ̀ di ẹni tó ti kú."

Ṣèyí mọ̀ pé wọ́n ti gbé ẹrù kan kúrò lórí òun, bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé wọ́n ti gbé àpò kúrò lórí tábìlì. Ó fa kíbọ́ọ̀dù náà sọ́dọ̀, nítorí iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún un, iṣẹ́ ló sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa apá tó ń gba èsì rẹ́, nọ́ńbà lórí nọ́ńbà. Bàbá jókòó tì í, ó ń wò ó bí wọ́n ṣe ń lọ.

Ó kù díẹ̀ kó tán nígbà tí Ṣèyí dúró. Ó ṣàlàyé fún Bàbá pé òun kò lè yọ gbogbo rẹ̀. Gbogbo wẹ́wẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ bá rán, ẹ̀rọ tó wà lódì kejì ní láti fún un lésì pé ó dé. Bí kò bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, kò ní rán èyí tó tẹ̀ lé e. Wẹ́wẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ni yóò máa tún rán títí láé.

Bàbá ro ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe máa ń ro ọ̀rọ̀ iná ẹ̀rọ ìhunṣọ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ máa sọ ìyẹn láàárín ara wọn," ó ní. "Má jẹ́ kó hàn sí mi lójú tẹlifíṣọ̀n. Tó bá ti dé, ìwọ ni kó o sọ fún mi."

Ṣèyí ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó fi í pamọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì, ó pa ẹ̀rọ, ó tún ṣí i, ó dìde kúrò nídìí rẹ̀ fún Bàbá. Bàbá gbé ìka méjì lé kíbọ́ọ̀dù. Ṣèyí yíjú sí fèrèsé kó má bàa ka ohun tó ń tẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ìró ìka Bàbá kò sì fi bẹ́ẹ̀ dún. Ó pẹ́ kó tó tẹ bọ́tìnì. Lẹ́tà náà gùn.

Ṣèyí mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ṣí ímeèlì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sí ohun kan níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ju àwọn ìpolówó ọjà lọ. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà Bàbá wọlé, ó jókòó sókè gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúdú kirikiri bí lẹ́tà tí ẹni tó ni í kò tíì ṣí. Orúkọ Bùsáyọ̀ ló kọ́kọ́ hàn níbẹ̀. Ṣèyí kò ṣí i.

"Ṣé ó dé?" Bàbá béèrè, kò yíjú wò ó.

"Ó dé, Bàbá."

Bàbá fi ọwọ́ sẹ́yìn etí. Ó ní jẹnẹrétọ̀ yẹn kò jẹ́ kí òun gbọ́, kó tún un sọ. Ṣèyí la ẹnu láti tún un sọ, ohùn rẹ̀ kò jáde. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àyà rẹ̀ ń dùn ún, ó ń dùn ún gan-an, ó sì ní láti di férémù fèrèsé mú. Bàbá wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó yíjú padà sí tẹlifíṣọ̀n kí ọmọ rẹ̀ lè sunkún tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà mìíràn.